Ojú Wáyà Méjì Nínú Pálọ̀ Màmá Fáníyì

Bí o bá gba iwájú ilé Mojíre Fáníyì kọjá ní Òkè-Ogbó lọ́dún 1998, ìró ìka lórí kíbọ́ọ̀dù ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ bíbí Ìlódè ni. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní yunifásítì. Orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onírin tó máa ń dun ni níka ló ti bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sórí èyí tó ń lo iná, kọ̀ǹpútà ló sì wà lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ ti dá ilé tiwọn sílẹ̀. Ó wá ra kọ̀ǹpútà kan àti pírińtà sí pálọ̀, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ayé rẹ̀ sì ń lọ jẹ́jẹ́.

Ayálégbé méjì ló ní. Ràbíátù, ọmọ Ìwó, tó ń kàwé gboyè kejì nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, ń gbé yàrá tó fara ti pálọ̀. Bọ́látitó, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan ní ẹ̀ka kan náà, ń gbé ilé kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì jọ ń kọ ìròyìn kan nípa àwọn àgbẹ̀ oníkòkó Ifẹ̀tẹ̀dó. Bọ́látitó á tẹ iye kòkó tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó sínú ẹ̀rọ, Ràbíátù á ṣírò rẹ̀. Màmá ò sì gbà kí ọkùnrin wọ yàrá obìnrin nínú ilé òun. Inú dísìkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ wọn ń gbé rìn, pálọ̀ Màmá sì ni ojú ọ̀nà.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún Ràbíátù ní dísìkẹ́ẹ̀tì yìí."

"Màmá, ẹ má bínú, kò ṣí lọ́dọ̀ mi. Ẹ bá mi dá a padà fún un."

Ó lè tó ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóòjọ́. Iyẹ̀pẹ̀ kún orí kápẹ́ẹ̀tì, ọkàn Màmá ò sì fìdí kalẹ̀ sójú ìwé kan mọ́. Ọjọ́ tó ṣèèṣì tẹ orúkọ Bọ́látitó sí àárín iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Wáyà kan ti wà tẹ́lẹ̀ láàárín kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ti Ràbíátù, kí ọmọbìnrin náà lè máa lo pírińtà. Ṣùgbọ́n ojú kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà Màmá ní fún irú wáyà bẹ́ẹ̀, Ràbíátù ti gbà á. Màmá ránṣẹ́ pe Ẹnjiníà Àjàgbé, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ẹnuwá, kó wá fi ojú kan kún un fún wáyà Bọ́látitó.

Àjàgbé yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ojú kan ni wọ́n dá mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ẹ ti máa sinmi, ẹ fi wàhálà wáyà sílẹ̀ fún àwa ọmọdé."

Ọ̀rọ̀ náà ká Màmá lára. Ó fún un lómi mu, ó sìn ín dé ẹnu géètì.

Nígbà tó di Sátidé, Màmá wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ó ra káàdì kan tó ní ojú wáyà lẹ́yìn, ó ra wáyà gígùn pẹ̀lú rẹ̀. Bó ṣe délé, ó yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, ó tú ìdérí rẹ̀, ó wá àyè tó ṣófo nínú rẹ̀, ó rọra ki káàdì náà bọ̀ ọ́ títí ó fi wọlé ṣinṣin. Ràbíátù ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Màmá, ẹ̀rù ò bà yín?"

"Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí mo tú palẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ, ta ló bá mi tò wọ́n padà?"

Kọ̀ǹpútà tàn, ó dá ojú tuntun náà mọ̀. Bọ́látitó fa wáyà tirẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n yọ̀ ṣìnkìn. Ayọ̀ ò tíì fara balẹ̀ tí nǹkan fi dà rú. Ràbíátù tó ti ń lo pírińtà láti ọjọ́ pípẹ́ kò rí i mọ́. Bọ́látitó a rí kọ̀ǹpútà Màmá lẹ́ẹ̀kan, a tún wá a tì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń tan án, tí wọ́n ń pa á.

Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá mú bírò. "Ẹ ka àwọn nọ́ńbà tí ẹ fún àwọn ẹ̀rọ yìí, tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀, sí mi létí."

Bọ́látitó kà wọ́n. Màmá gbé bírò sílẹ̀. "Ó dà bíi pé ìdílé nọ́ńbà kan náà, tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra, lo fún ojú méjèèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ṣebí inú ilé kan náà la wà."

"Háà! Ní ọ́fíìsì wa, bí kábínẹ́ẹ̀tì méjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, mẹ́sẹ́ńjà ò ní mọ èyí tó yẹ kó ju lẹ́tà sí. Èyí tó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò jù ú sí. Fún tìẹ ní ìdílé mìíràn."

Wọ́n yí i padà. Kíá, Ràbíátù rí pírińtà, Bọ́látitó náà rí i. Ó wá ku ọ̀kan: ẹ̀rọ àwọn méjèèjì ò tíì rí ara wọn.

Màmá gbé jígí sójú, ó ń ka ìwé tó bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá lójúewé lójúewé. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó rí ibi tó wí pé kọ̀ǹpútà tó bá ní ojú méjì lè so wọ́n pọ̀, kó máa gba iṣẹ́ lójú kan kó sì tì í jáde lójú kejì, bí ẹni tó ni ín bá ṣáà ti gbà fún un. Àpótí kékeré kan ló wà níbẹ̀ tí èèyàn yóò fàmì sí. Màmá fàmì sí i. Ó ní kí àwọn méjèèjì sọ fún ẹ̀rọ wọn pé ohunkóhun tí wọ́n bá ń wá tí wọn ò rí nítòsí, ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ òun ni kí wọ́n gbà lọ.

Bọ́látitó lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́. Lójijì, Ràbíátù figbe ta láti inú yàrá: "Ó ti dé! Màmá, kòkó Ifẹ̀tẹ̀dó ti dé ọ̀dọ̀ mi!"

Bọ́látitó sáré wọlé pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Àjàgbé gbọ́, ó wá fojú ara rẹ̀ rí i. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ fi hàn mí." Màmá fa àga sún mọ́ ọn, ó sì fi hàn án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ Màmá ti ń yá. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò yọjú sí pálọ̀ mọ́, ó ṣàkíyèsí pé òun a máa gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà. Ó dìde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bu ẹ̀pà sísè sínú àwo, ó kan ilẹ̀kùn Ràbíátù, ó sì pe Bọ́látitó láti ojú fèrèsé pé kó máa bọ̀ ní iwájú ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ ẹ̀pà tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, títí ilẹ̀ fi ṣú.