Olùkọ́ Tó Ń Fetí sí Òkúta

Kò sí ohun tí ayálégbé wa ní Òkìtìpupa kì í fi ìka lù kó tó rà á, títí dé orí búrẹ́dì. Olùkọ́ yunifásítì ni. Ìró tí wọ́n rán wọnú ilẹ̀ ló fi ń mọ bí ihò tí gáàsì lè wà nínú òkúta oníyanrìn ṣe pọ̀ tó.

Èmi a ní, "Dókítà Òkúta, ṣé gáàsì wà nínú búrẹ́dì yẹn?"

"Ìró kì í purọ́, ẹ̀gbọ́n."

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan láti Igbótako wá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé kì í ṣe ihò ló mú kí ìró falẹ̀ nínú òkúta tí wọ́n ń yẹ̀ wò, pé sísán tín-ín-tìn-ín ni. Olùkọ́ ní kó pa á rẹ́. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ òkúta náà jáde, ihò inú rẹ̀ kò tó nǹkan, sísán ló kún un.

"Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ọmọ yẹn?" ló ń bi mí.

Mo ní kó ránṣẹ́ pè é. Bí ọmọ náà ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, olùkọ́ dìde fún un.

"Ìwọ lo gbọ́ ọ, èmi ni mi ò gbọ́. Màá sọ ọ́ ní kíláàsì."

Kíá lọ́mọ náà kúnlẹ̀. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Dìde, jọ̀ọ́. Bó o ṣe kúnlẹ̀ yìí, ńṣe lojú túbọ̀ ń tì mí."