Àwo Méjì Nínú Páálí Kan: Bí Mo Ṣe Lọ sí Tápà Tí Mo sì Bọ̀

Ladáàní ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun àsùbá tán ní àdúgbò wa ní Igbó-Ọrà nígbà tí mo ti ìlẹ̀kùn mi, tí mo sì gbé àpò kọ́ èjìká. Àwo orin kan ló wà nínú àpò náà. Mo ti fi aṣọ òwú wé e, mo sì ti fi pákó pẹlẹbẹ méjì há a láàárín, nítorí pé àwo orin àtijọ́ kò fẹ́ oòrùn, kò sì fẹ́ ìjálulẹ̀. Tápà ni mò ń lọ. Àwọn tí ń ná ọjà ibẹ̀ kì í ka ọ̀nà náà sí ìrìn àjò rárá, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá lọ ju ọjà lọ.

Àṣàyàn orin ni àwo náà: àwọn orin tí ó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tí àwọn ọkùnrin adúláwọ̀ márùn-ún kan ní Amẹ́ríkà kọ ní ayé ìgbà kan. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sóòlù, ìyẹn ni ọkàn ní èdè wa. Ohùn ni agbára wọn. Ọ̀kan á gbé orin sókè, àwọn mẹ́ta á máa gbè é, ẹnì kárùn-ún á sì máa dún nísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń lọ ata lórí ọlọ nínú yàrá kejì.

Bàbá wa, tí ó jẹ́ awakọ̀ akẹ́rù, ló rà á ní Ìbàdàn nígbà tí èmi àti Táyé, ìkejì mi, ṣì kéré. Nígbà tí bàbá kú, àwọn àgbà ẹbí ṣí páálí náà, wọ́n bá àwo méjì nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sì gba ìjíròrò mọ́. Ní ìlú wa, kò sí ẹni tí í ra ẹyọ kan fún ìbejì. Bí o bá ra bàtà fún Táyé, o ti ra ti Kẹ́hìndé. Wọ́n ní bàbá ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún wa ni. Táyé gbé tirẹ̀ lọ sí Tápà níbi tí ó ti ń dáko. Èmi gba tèmi, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń kọ ọ́ àti páálí tí ikán padà jẹ tán.

Láti bí oṣù mélòó kan ni ìyá wa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì, ti ń bèèrè orin kan tí bàbá máa ń kọ fún un, èyí tí ọkùnrin olóhùn ìsàlẹ̀ náà dá kọ. Mo kọ ojú méjèèjì àwo fún un, ó ní kò sí níbẹ̀. Mo tún un kọ, ó ní kí n má fi òun ṣe ọmọdé. Ìdòwú, àbúrò wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó ní iyè ìyá ti ń ra. Ó ní tí òun bá dé ní Sátidé, òun yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ara òun, kí a sì ti ìsọ̀ gààrí rẹ̀ pa. Ìyá kò jiyàn. Ó kàn ní ọjọ́ tí òun bá kúrò ní Igbó-Ọrà, kí a mọ̀ pé a ti sin òun. Èmi mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà máa ń fò ní ibì kan lára àwo tèmi. Mo rò pé ibẹ̀ ni orin náà sá pamọ́ sí. Bí mo bá rí ti Táyé tí kò ní àbùkù, a ó mọ òtítọ́. Nítorí náà ni mo ṣe jáde ní Sátidé yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà ni èmi àti Làmídì, ọlọ́kadà, fi ṣe àdéhùn àlọ àti àbọ̀. Ní ìlú mìíràn, ọlọ́kadà á bi ọ́ léèrè ibi tí ò ń lọ. Tiwa, bí ó bá ti gbọ́ pé Kẹ́hìndé ni ọ́, á kọ́kọ́ ní kí o wúre fún òun. Mo wúre, a sì gbéra. Ọ̀dà ojú títì ti ṣí ní ibi púpọ̀ lẹ́yìn Ìdèrè. Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún, igi ẹmì dúró káàkiri inú koríko lósì. Mo ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ó rọra. Ó bi mí bóyá ẹyin ni mo gbé. Mo ní ó ju ẹyin lọ. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n bí òun bá tún dẹ ẹsẹ̀ sí i, ewúrẹ́ á yà wá sílẹ̀.

Ìyàwó Táyé fi àmàlà láfún àti ọbẹ̀ ìlasa pàdé mi. Àwa máa ń fi ẹ̀gúsí sí ìlasa nílé. Òun kì í fi sí i, ó sì dùn bẹ́ẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí àwo náà lórí ògiri pálọ̀. Táyé ti ki ìṣó bọ ihò àárín rẹ̀, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá. Kò ní ẹ̀rọ, kò sì tíì kọ ọ́ rí. Mo ro ẹjọ́ mi fún un.

“Ìṣó bàbá kò ní ṣófo,” ni ó wí.

“Mo mọ̀. Mo gbé tèmi wá dípò. Ó sì yẹ kí o dọ̀bálẹ̀ kí o tó dá mi lóhùn. Èmi ni mo rán ọ wá wo ayé.”

“O rán mi lóòótọ́. O ò fún mi lówó ọkọ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi bá ẹ̀yìn jáde. Táyé sọ àwo náà kalẹ̀, mo tẹ́ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ tí mo ń lọ, wọ́n ti kọ́ mi láti máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n má sì fo ohunkóhun. Mo tọ orúkọ àwọn orin tí wọ́n kọ sórí bébà àárín àwo kìíní, mo tọ ti èkejì. Mo tún un ṣe, nítorí n kò fẹ́ sọ ohun tí kò dá mi lójú. Kò sí orúkọ orin kan tí ó bá èkejì dọ́gba.

“Táyé, bàbá kò ra méjì,” ni mo wí. “Ohun kan ṣoṣo ló rà. Àwa la là á sí méjì.”

Táyé tún àwo méjèèjì wò. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó ní tòun kò lè dá lọ, tèmi kò sì lè dá dúró.

Bí àwa mẹ́ta ṣe wà lórí ọ̀kadà kan nìyẹn. Làmídì wà níwájú, Táyé tẹ̀lé e, èmi wà lẹ́yìn, àwo méjèèjì sì wà láàárín ẹ̀yìn Táyé àti àyà mi, tí mo fi ìborùn bò wọ́n nítorí oòrùn ti ń mú. Lẹ́ẹ̀kan a dúró lábẹ́ igi ẹmì kí àwọn àwo náà lè tutù. Làmídì lo àǹfààní náà. Ó ní ìwúre àárọ̀ kò kún, àfi kí a tún un ṣe ní báyìí tí a ti pé. A tún un ṣe.

Nígbà tí a dé ilé, ọkọ̀ Ìdòwú ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrù ìyá sì ti wà nínú bọ́ọ̀tù. Ìyá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wọ aṣọ òde, kò wo ẹnikẹ́ni. Ìdòwú kí wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n òun, àwo kan náà lẹ tún gbé dé. Iná wà, mo gbé àwo Táyé lé ẹ̀rọ.

Orin àkọ́kọ́ kọjá. Ojú kìíní tán. Ìdòwú wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mo yí àwo padà. Orin kẹta ni ohùn ìsàlẹ̀ náà dá jáde, láìsí ẹni tí ó gbè é. Ìyá gbé ojú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ láìsí ọ̀rọ̀, ní ohùn, ní gbogbo ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Kò ṣì í níbì kankan. Orin náà relẹ̀, ó relẹ̀, ó dákẹ́. Abẹ́rẹ́ nìkan ló kù tí ń ta bí epo gbígbóná. Ìdòwú nawọ́ láti gbé e.

“Má fọwọ́ kàn án,” ni ìyá wí. “Ọkùnrin yẹn ṣì ń bọ̀.”

Ìdòwú wò mí. Èmi náà kò mọ̀. N kò rántí orin náà láti ìgbà èwe. A dúró. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́ débi pé àánú ìyá ti ń ṣe mí. Lójijì ni ohùn ńlá náà tún sọ nínú àwo, àwọn mẹ́rin yòókù sì bú sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé orin náà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá pàtẹ́wọ́. Táyé ń jó pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀.

Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé bí àgbà bá ní nǹkan kan kù, kí a kọ́kọ́ wá nǹkan náà kí a tó wá àrùn sí i lára. Ìdòwú kò dúró gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu mi. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún ìyá, ó ti dìde, ó sì ti ń kó ẹrù jáde nínú bọ́ọ̀tù. Ìyá ní kí ó kọ́kọ́ gbé kọ́ńgọ́ tí òun fi ń wọn gààrí wá, nítorí pé àwọn oníbàárà òun ti ń dúró.