Ẹrù Ìwẹ̀ Ammar

Bí ẹ bá gba ọ̀nà oko láti Akanran wọ abúlé wọn, tí ẹ sì béèrè Fàtímọ̀, àwọn ọmọdé á kọ́kọ́ máa wò yín lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Awẹmọ lẹ ń wá, wọn á fa aṣọ yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún tó ti ń wẹ ọmọ tuntun ní abúlé náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú ìyá àgbà ń ṣe bàìbàì, wọ́n gbé ọmọ kan lé Fàtímọ̀ lẹ́sẹ̀ pé kó gbìyànjú wò, ó sì wẹ ọmọ náà títí tó fi sùn lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sinmi.

Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, á tẹ́ ọmọ sórí wọn. Á fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkànrìn tó ti rọ̀ wẹ̀ ẹ́, á ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, á fi tẹ orí rẹ̀ kó lè rí róbótó. Á na apá, á na ẹsẹ̀, á wá sọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni á fi òrí pa á lára. Àwọn nọ́ọ̀sì ti bá a sọ ọ́ títí pé kó yéé sọ ọmọ sókè, á ní òun ti gbọ́. Lóòótọ́ ló gbọ́; gbígbọ́ náà kúkú ni wọ́n ní kó gbọ́.

Muhsinah ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un. Muhsinah kàwé, ó fẹ́ ọkọ, òun àti ọkọ rẹ̀ sì kó lọ sí ìlú Òyìnbó. Ní ọdún kejì ni ó pè pé òun ti lóyún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Awẹmọ mú gèlè àtijọ́ kan, tó di ọṣẹ dúdú, kànrìnkànrìn tuntun, òrí àti aṣọ ìnura funfun sínú rẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ aráyé lòun ti wẹ̀ tán, ó wá kan tòun.

“Ìgbà wo ni mò ń bọ̀?” ló bi ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

“A ti ń ṣe ìwé yín, Màámi,” ni Muhsinah dáhùn. “Soon.”

Ìyá Awẹmọ ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ó lọ bá Tíṣà Ọlálẹ́yẹ, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tó wá ń gbin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní súùnù?”

“Láìpẹ́ ni, Ìyá Muhsinah. Kò ní í pẹ́ mọ́.”

Ìyẹn tó o. Lójú ẹni tó ń wẹ ọmọ, láìpẹ́ ní ìwọ̀n. Ìwọ́ ọmọ kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ kó tó já. Tó bá di ogójì ọjọ́, ìyá ọmọ á jáde. Ohunkóhun tí wọ́n bá pè ní láìpẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀, nítorí lẹ́yìn ìyẹn orí ọmọ ti ń le, ọwọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe sí i mọ́.

Nígbà tí Muhsinah bí Ammar, Ìyá Awẹmọ gbé ẹrù náà sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Motúnráyọ̀ tó ń gbé nílé kejì bí àkọ́bí rẹ̀, Ṣeunfúnmi, wọ́n sì wá pe ìyá. Ní abúlé wọn, ọwọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ ìwẹ̀ ọmọ ló gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́ pé ogójì ọjọ́; wọn kì í pààrọ̀ ọwọ́ láàrin. Ìyá Awẹmọ sì kọ̀.

“Motúnráyọ̀, má bínú. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ ohun tí mi ò ní í parí. Wọ́n ní súùnù ni mò ń lọ.”

Ẹlòmíràn ló wẹ Ṣeunfúnmi. Motúnráyọ̀ ò bá a jà, ṣùgbọ́n ìkíni rẹ̀ kò kọjá ẹ káàárọ̀, ẹ káalẹ́ mọ́.

Ogójì ọjọ́ pé, kò sí ìwé. Muhsinah fúnra rẹ̀ ló ń wẹ Ammar nínú bàsíà, á gbé fóònù ti ara ògiri, ìyá rẹ̀ á máa pàṣẹ láti abúlé. “Na ẹsẹ̀ ẹ̀. Òsì ni mo ní. Ṣé o ò mọ òsì ni?” Títí ọwọ́ ìyá fúnra rẹ̀ á fi máa na afẹ́fẹ́. Nígbà tí èsì ìwé jàjà dé, àwọn tó ń fúnni ní físà ní àwọn ò rí ẹ̀rí pé ìyá á padà sílé tó bá dé ọ̀hún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni wọ́n wá rò pé á máa bọ́ àwọn adìyẹ òun. Ẹ̀rín náà ò dé inú. Muhsinah náà ò sì lè wá, torí ìwé ìgbélùú tirẹ̀ ò tíì jáde; tó bá kúrò, ó lè má ráyè padà. Gbogbo ìpè ni wọ́n sì ń fi “soon” parí.

Ara Ṣeunfúnmi ni ìyá ti ń wo Ammar. Nígbà tí Ṣeunfúnmi hu eyín, ó ní Ammar náà á ti hu eyín. Nígbà tó ń rìn tàgétàgé kọjá lójúlé, ìyá á dúró wò ó, ojú á sì kún fún omi. Àárò ọmọ tí kò fọwọ́ kàn rí ń pa á, kò sì mọ bí ó ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, òun àti Tíṣà Ọlálẹ́yẹ jọ wọ mọ́tò lọ sí ọjà. Wọ́n kọjá níwájú pátákó ńlá kan tí wọ́n ya àwòrán ilé epo sí. Igbó ti bò ó dé ọrùn, ewúrẹ́ méjì dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

“Tíṣà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?”

Tíṣà kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. “Wọ́n ní àwọn ń bọ̀,” ló ní nígbà tó yá. “Soon.”

“Láti ìgbà wo?”

“Kí Muhsinah tó lọ́kọ.”

Ìyá Awẹmọ yí ọrùn padà, ó ń wo pátákó náà títí kò fi rí i mọ́. Ìgbà tí Muhsinah tún pè, tó sì dé ibi “soon” náà, ìyá dá a dúró. “Bó bá jẹ́ pé a ò ní í ríra mọ́ ni, sọ ọ́ fún mi. Má fi súùnù tàn mí.” Muhsinah bú sẹ́kún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi pe ara wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà sì gùn fún ìyá ju gbogbo ọdún tó ti kọjá lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kan tí Ammar ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àlàásárì tán ni fóònù dún. Ammar ló yọjú, ó wà nínú omi, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀.

“Grandma, Mummy ní ẹ máa ń wẹ bébì. Ṣé ẹ máa wẹ èmi náà?”

“Màá wẹ̀ ẹ́, ọkọ mi.”

“Ìgbà wo?”

Ìyá wo ojú rẹ̀. Kò sí físà. Orúnkún rẹ̀ ti ń ro ó, kò lè pẹ́ lórí àpótí mọ́. Ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ti gùn ju ohun tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ lè gbà lọ. Ó lè sọ pé òun ò mọ̀, òótọ́ sì ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gbójú sókè, ó ń retí.

“Súùnù,” ló sọ.

“Okay, Grandma.” Ammar rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí omi tó ń ta. Muhsinah wá gba fóònù.

“Muhsinah, má bínú.”

“Kí lẹ ṣe, Màámi?”

“Ọ̀rọ̀ súùnù yẹn ni. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rí lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ nìyẹn.”

Muhsinah fa aṣọ ìnura, ó fi nu ọṣẹ kúrò lójú Ammar.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Awẹmọ fa ẹrù náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tó pàpà tì í sí. Òrí ti ń rùn, ó dà á nù, ó bu òmíràn. Kànrìnkànrìn ṣì dára. Motúnráyọ̀ ti bí èkejì láti ọjọ́ Jímọ̀, wọn ò tíì sọ ọmọ náà lórúkọ. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

“Mo wá wẹ ọmọ, bó bá tẹ́ ọ lọ́rùn.”

Motúnráyọ̀ wo gèlè àtijọ́ náà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lábúlé. “Màmá, ẹrù Ammar kọ́ nìyí?”

“Òun ni.”

“Tí wọ́n bá wá pè yín ńkọ́, kí ogójì ọjọ́ tó pé?”

“Màá parí tìẹ ná.”

Motúnráyọ̀ gbé àpótí fún un. Ìyá rọra jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n tẹ́ ọmọ sí i. Ó fọ orí, ó fọ ẹ̀yìn, ó na apá. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ òsì, ó rọra fà á, ó ní, “Pẹ̀lẹ́, Ammar. Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi.” Motúnráyọ̀ gbọ́ ọ. Kò tún orúkọ náà ṣe, ó kàn bu omi gbígbóná sí i nínú bàsíà.