Ẹ́ńjìnnì Kejì Tí Rhoda Ṣe

Rhoda, ọmọ Adétutù, kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà débi pé kò lè wo ewúrẹ́ kó má bi í pé kí ni àbùdá rẹ̀. Nígbà tó padà sí Abereke, ó kọ ètò kan fún èbúté wa, kí èrò lè máa rí ọkọ̀ tó ti ṣe tán lórí fóònù. Bàbá Ọlálẹ́yẹ, alága àwọn ọlọ́kọ̀, fi ìka kan ṣoṣo tẹ gbogbo ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì wọn sínú rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ran òun lọ́wọ́. Ó ní bí ètò náà bá ṣiṣẹ́ ní Sátidé, Rhoda ti ríṣẹ́; bí kò bá ṣiṣẹ́, kó padà sídìí ẹja yíyan ìyá rẹ̀. Rhoda sì kórìíra èéfín ẹja bí ẹní máa kú.

Ní Fúráìdé, wàhálà dé. Bó bá ti kọ ọ́ sínú ètò náà pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Sólómọ́nì ti jáde, ti ọkọ̀ Pétérù, àbúrò Sólómọ́nì, náà á jáde. Rhoda lo console.log, àṣẹ tó máa ń tú inú nǹkan síta lójú kọ̀ǹpútà, ó tú ọkọ̀ méjèèjì wò. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú wọn.

"Ìka bàbá yìí ló ṣàṣìṣe," ó wí. Ó ṣe ẹ̀dà ẹ́ńjìnnì náà fún Pétérù, ó tún tú wọn wò, wọ́n di méjì. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ sùn.

Lọ́jọ́ kejì, fóònù ní ọkọ̀ méjèèjì ti ṣe tán. Èmi, alága àti Rhoda wọ ti Pétérù, à ń lọ sí Ode Mahin. Sólómọ́nì lọ. Àwa jókòó. Pétérù ń jẹ púpurú rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Kí la ń dúró dè?" mo bi í, inú ti ń bí mi.

"Sólómọ́nì. Òun ló gbé ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa, a máa ń gbà á lò lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ni, tòun ni tòní. Fóònù yín ló ní kí ẹ wọlé."

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Alága na àjẹ̀, igi tí a fi ń wa ọkọ̀, sí Rhoda. "Ọma mi, ùwọ lo fún Pétérù ní ẹ́ńjìnnì. Òun rèé, gbà."

Ojú tì í, ó sì ń wa ọkọ̀, ó ń ta omi elépo sí ẹ̀wù funfun mi. Nígbà tí apá ro ó, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó pa ẹ̀dà náà rẹ́, ó dá ọkọ̀ méjèèjì padà sórí ẹ́ńjìnnì kan, ó tún tú wọn wò.

Alága na ọrùn wo kọ̀ǹpútà náà. "Ẹ́ńjìnnì mélòó?"

"Ọ̀kan, bàbá."

"Ọ̀dọ̀ ta ló wà lónìí?"

"Sólómọ́nì."

"Ohun tí mo tẹ̀ nìyẹn. Wá bẹ̀rẹ̀ uṣẹ́ ní Mọ́ńdè."

Rhoda bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. Alága tọ́ka sí àjẹ̀ náà.

"Òní ṣì ni Sátidé. Wà á lọ."