Òdo Tí Àbúrò Mi Tẹ̀ Síwájú Epo Ìyé

Ẹ fún mi láyè kí n ròyìn bí kọ̀ǹpútà àbúrò mi ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi epo pupa ri ìyá wa sínú ilé ara rẹ̀ ní Igbotako. Mo lè bù mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀.

Ilé ìwòsàn kan l'Ókìtìpupa ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Dókítà yẹ Ìyé wò (Ìyé la máa ń pe ìyá wa, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkálẹ̀), ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, pé kó máa jẹ ẹja, ẹ̀wà, ẹyin àti ẹ̀fọ́ dáadáa. Ó yà wá lẹ́nu. Ṣebí oṣooṣù ni àwa ọmọ ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́? Ibo ni oúnjẹ náà ń gbà lọ?

Mo kọ́kọ́ fura sí dókítà. Lẹ́yìn náà ni mo fura sí Dáre.

Dáre ni àbíkẹ́yìn wa, ó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì. Ẹ mọ àwa tó lọ yunifásítì: tí òùngbẹ bá ń gbẹ wá, a ó kọ́kọ́ ṣèpàdé lórí ife. Dáre ní kí a má ṣe méfò lórí oúnjẹ Ìyé. Ó ní ìṣirò kan wà tó ń ṣa èyí tó dára jù láàárín ọ̀nà tí kò lóǹkà. Ẹ ó sọ ohun tí ara ń fẹ́ fún un, ẹ ó sọ iye tí oúnjẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ lọ́jà, ẹ ó sọ ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá. Òun á wá mú oúnjẹ tó ń ṣara lóore, tí kò gún àpò lára, tí kò sì ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ fún àwọn ọmọ wa.

Mo bi í pé ta ló ń sanwó fún un. Ó ní kò sẹ́ni kankan. Ìyẹn gan-an ló wá bà mí lẹ́rù.

Ó dé ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú táì lọ́rùn, nínú oòrùn Igbotako. Ó tan àwòrán kọ̀ǹpútà sára ògiri pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ìjọ Aládùúrà tí Ìyé ń lọ, débi pé nọ́ńbà ń rìn kọjá lójú wòlíì nínú aṣọ funfun.

Ìyé wò ó títí. Ó ní, "Dáre, ṣé ẹ̀rọ yìí ti jẹun rí?"

"Rárá, Ìyé. Ìṣirò ló ń ṣe."

"Ẹ ò rí nǹkan. Ẹni tí kò jẹun rí ló fẹ́ kọ́ mi ní ọbẹ̀."

Ìbéèrè wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ torí pé kò wọ́n. Ìyé ní ìjọ òun kì í jẹ ẹ́, Dáre sì yọ ọ́ kúrò, kò bá a jiyàn. Ó béèrè iye ẹ̀wà, iye ẹja odò, iye ẹyin. Ìyé ń dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìgbà tó dórí epo ni nǹkan yí padà.

"Ìyé, èló lẹ ń ra epo?"

Ìyá mi wò ó bí ẹni pé ó tutọ́ sí i lára. "Èmi? Ra epo? Ìwọ tí epo ọwọ́ mi rán lọ sílé ìwé? A kì í ra epo nílé yìí."

Òótọ́ ni. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ẹkù, níbi tí a ti ń fọ epo, ti wà lẹ́yìn ilé wa. Kò sí ọmọ rẹ̀ tó wá kí i tí kò gbé kẹ́ẹ̀gì epo padà sílé. Dáre bẹ̀bẹ̀, ó sì tẹ òdo síwájú epo.

Ẹ̀yin tó mọ ìwà ọmọ aráyé sí nǹkan ọ̀fẹ́, ẹ ti mọ ohun tí ẹ̀rọ náà ṣe. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwa, àti epo. Iṣu àti epo. Ẹ̀wà díẹ̀, kí epo lè ríbi jókòó. Ẹja fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Dáre ní òun ti fi ààlà sí epo o. Bẹ́ẹ̀ ni, epo sì lọ jókòó sórí ààlà náà gan-an, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

Mo ní, "Dáre, òótọ́ inú ni kí o fi sọ fún mi. Ta ló ni epo tí o ń bá tà?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo lọ yọjú sí Ìyé láìsọ tẹ́lẹ̀, kí n lè ká ẹ̀rọ mọ́bi tó ti ń ṣìkà. Ìyàlẹ́nu ló bá mi. Ọbẹ̀ inú ìkòkò rẹ̀ funfun bí aṣọ ìjọ. Kò sí epo níbẹ̀, kò sí ẹja. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo lèèyàn ń jẹun nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan? Kẹ́ẹ̀gì epo tèmi sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó kún dẹ́nu.

Mo rọra gba ẹ̀yìn ilé lọ sí ẹkù. Koríko ti dé mi lórúnkún. Adìẹ kan ti yé ẹyin sínú àgbá tí a fi ń se ẹyìn, ó sì ń wò mí bí onílé ṣe ń wo àlejò. Iná kò jó níbẹ̀ mọ́, ó ti pẹ́.

Kí n tó padà síwájú ilé, ọ̀kadà ti dúró. Obìnrin kan láti Ìlútítun sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo, ó ń kígbe pé, "Màmá, oníbàárà mi àtàtà, mo ti gbé tàwọn tó kù dé o."

Ìyé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, ìyá mi jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní orúnkún òun kò gba ẹkù mọ́. Owó ẹja tí à ń fi ránṣẹ́ ló fi ń ra epo, a sì ń gbé e lọ tayọ̀tayọ̀.

"Ìyé, kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Kí n sọ kí ni? Kí ẹ wá kí mi, kí ẹ máa lọ lọ́wọ́ òfo bí ọmọ aláìníìyá?"

Mo pe Dáre. Ó dé láìwọ táì. Ó yọ òdo kúrò, ó fi iye tí wọ́n ń ta epo ní Ìlútítun síbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ lé epo sẹ́yìn, ó pe ẹja odò, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ padà. Mo fẹ́ máa gbóríyìn fún un, ẹ dárí jì mí.

Ìyé ní òun gbà, ṣùgbọ́n kí Dáre fi kẹ́ẹ̀gì àwa ọmọ sí i, pé ìyẹn gbọ́dọ̀ wà. Dáre tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ronú díẹ̀, ó wá kọ ọ́ sára ògiri pé kò sí ìdáhùn. Owó náà kò lè ra epo wa kó tún ra oúnjẹ tí yóò fún un lẹ́jẹ̀.

Ìyé ní kí a ka ohun tó kọ fún òun. A kà á. Ó ní, "Ṣé ohun tó ń sọ ni pé kí n yàn, kí n jẹun àbí kí n jẹ́ ìyá?"

Èmi tí mo ní ẹnu sí gbogbo nǹkan, àdá ni mo lọ mú, mo kọjú sí koríko ẹkù.

Báyìí, tí ẹyìn bá ti pọ́n, èmi àti Dáre máa ń lọ sí Igbotako. A ti bẹ adìẹ, ó ti kó jáde. À ń se ẹyìn, à ń gún un, à ń tẹ̀ ẹ́ nínú omi, à ń bu epo lójú rẹ̀. Ìyé á jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ẹyin sísè lọ́wọ́, á máa bú wa pé bóyá yunifásítì ló kọ́ wa ní ọ̀lẹ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. Tí a bá ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń fa kẹ́ẹ̀gì lé wa lọ́wọ́, a ó sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ bí ẹni tí kò mọ ibi tí epo ti wá.

Dáre ní epo ti di òdo padà nínú ìṣirò òun. Mo ní kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yìn mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: kí ẹ tó fura sí ẹ̀rọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹni tó ń dá a lóhùn, pàápàá tó bá jẹ́ ìyá yín. Tó bá ní òun kì í ra nǹkan kan, ẹ lọ wo ẹ̀yìn ilé.

Kí ni ìyá tiyín máa ń dì fún yín tí ẹ bá ń padà lọ? Ṣé ó dá yín lójú pé kò rà á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má sì jẹ́ kó rí i.