Sátidé tí Corrine Yàn

Ní Alabama tiwa níbí, kò sí ẹni tórí ẹ̀ pé tó ń gbéyàwó ní Sátidé nígbà eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, torí Sátidé làwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbá a. Bí èèyàn bá tiẹ̀ kú, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọjọ́ eré kí wọ́n tó sin ín. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, òótọ́ ni mo ń sọ.

Verlon Hatcher, kóòṣì àwọn adènà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kí ẹgbẹ́ kejì má gbé bọ́ọ̀lù kọjá lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń ṣe é kiri, láti Texas dé Kansas, láti Kansas dé Tennessee. Bí ọ̀gá kóòṣì bá ti pàdánù jù, òun àti gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ń lé dànù. Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, àmọ́ ta ló máa sọ ọ́ fún wọn? Rayetta, ìyàwó ẹ̀, ń bá a kó ẹrù kiri títí ó fi sú u. Nígbà tí wọ́n lé wọn ní Tennessee, ó ní, "Verlon, máa lọ. Mi ò di páálí kankan mọ́." Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Corrine, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ó sì fẹ́ Gene tó ń ta táyà. Gene ò kúrò níbì kan rí.

Ilé làbọ̀ sinmi oko, Verlon ò sì nílé tó lè bọ̀ sí mọ́. Yàrá tó háyà ló ń gbé, níbi tó ti ń wo eré àwọn ẹgbẹ́ mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń dá a padà, tó tún ń wò ó. Ó dá wà, kí n má parọ́.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó ṣì ń ṣe kóòṣì ní Georgia, ibi tó lọ lẹ́yìn Tennessee, Corrine pè é.

"Dádì, mo fẹ́ ṣègbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti wo ìwé eré yín. Sátidé tẹ́ ẹ máa fi sinmi nínú oṣù Kẹwàá ni mo mú. Ẹ̀yin lẹ máa fà mí lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Verlon sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Kí Kérésì tó dé, wọ́n lé ọ̀gá ẹ̀ ní Georgia, ó bá wá sọ́dọ̀ wa. Sátidé ìsinmi ti Georgia kọ́ ni tiwa! Ọjọ́ tí Corrine mú gan-an la fẹ́ kojú àwọn tá a ti jọ ń figagbága látayébáyé. Ẹ gbà mí! Verlon rí i, ó sì panu mọ́. Ẹ̀rù ń bà á kíṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la, títí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó fi dé, kó tó wọlé tọ Mackey, ọ̀gá kóòṣì wa, lọ.

"Ọ̀gá, ọmọ mi ń gbéyàwó ní Sátidé."

"Sátidé wo? Sátidé yìí? Verlon, ṣé kò sí o? Wèrè wo ló yan ọjọ́ yẹn?"

"Èmi àti ọmọ náà ni."

Mackey ní, "Èmi ò lọ síbi ti ọmọ tèmi. Kò bá mi sọ̀rọ̀ dòní. Máa lọ jàre. Tí wọ́n bá nà wá, kí wọ́n nà wá."

Inú Verlon dùn dé gbẹ̀dẹ̀kẹ́. Ìdí mọ́tò ẹ̀ níta ló ti pe ọmọ náà.

"Corrine, ọmọ bàbá ẹ!"

"Dádì, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Mo ti rí ìwé eré yín tuntun láti oṣù Keje. Mo retí kẹ́ ẹ pè mí, ẹ ò pè. Mo ti ní kí Gene fà mí lọ́wọ́. Ó ń dán an wò káàkiri ilé, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ sọ?"

Verlon fẹ̀yìn ti mọ́tò. Tó bá ní òun ń bọ̀, ọmọ náà á ní láti já Gene kulẹ̀, Gene tó wà níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé ayé ẹ̀. Ó dùn ún wọra.

"Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn," ló wí. "Ọ̀gá ò gbà. Mi ò ní lè wá."

"Mo mọ̀, Dádì," ni Corrine dá a lóhùn. "Ẹ ṣáà bá mi nà wọ́n dáadáa."

Verlon padà wọlé, ó sọ fún Mackey pé wọ́n ti sún ìgbéyàwó náà síwájú.