Ìrẹsì Funfun Ọmọ Mi

Ìyá ìyàwó mi kì í ti Stockwell wá sí ilé wa ní Peckham, ní London níbí, láì gbé ṣíbí tiwọn sínú báàgì. Wọ́n ní ṣíbí ilé tí ọmọdé ti ń pàṣẹ oúnjẹ kò mọ́.

N kò kàwé, ṣùgbọ́n àna wọn wo ló ń ra odindi àgbò bí èmi? Níbi Iléyá, mo ní, "Mummy, ọmọ yìí ní autism, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tirẹ̀. Ìrẹsì funfun nìkan ló ń jẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ kàn án."

"Dókítà aláìkàwé. Ebi ló máa kọ́ ọmọ náà."

Wọ́n ri ẹran ọlọ́bẹ̀ mọ́ abẹ́ ìrẹsì náà. Ọmọbìnrin mi kàn án, ó figbe ta, ó ti àwo sẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fa àwo náà mọ́ra, wọ́n jẹ ìrẹsì náà tán.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ mi ò jẹ ìrẹsì mọ́.